Ọ̀gá Mi Ló Ní Kí N Rì Í Mọ́lẹ̀

Kòtò kan wà lẹ́yìn odò ẹran ìlú wa. Koríko ti bò ó báyìí, ewúrẹ́ ló ń jẹ lórí rẹ̀, àwọn ọmọ tó sì ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ kò mọ̀ pé kòtò ni nígbà kan. Ẹ má béèrè orúkọ ìlú náà lọ́wọ́ mi. Ẹ ṣáà ti mọ̀ pé àárín Ṣakí àti Ìràwọ̀ ló wà. Jẹ́ẹ́dé alápatà ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé, wọ́n pọ̀, apá wọn sì ká mi.

Àwọn àgbà a máa sọ pé ìwà ni ẹ̀dá ń bá wáyé, pé olóòótọ́ á ṣòótọ́ bó wà nínú ihò, èké á sì ṣèké bó wà ní mọ́ṣáláṣí. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, mi ò lè ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ olóòótọ́ ènìyàn kan tó bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nà án, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi owó tàn án. Mùstàfá lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìràwọ̀ ni, iṣẹ́ wolé-wolé ló ṣe, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dùn mí títí di òní.

Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, iṣu àti bàrà ló ń gbìn. Mùstàfá ka ìwé mẹ́fà, ó fi ilé ẹ̀kọ́ módà díẹ̀ lé e, ó sì rí iṣẹ́ ìjọba sí ìlú wa ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ogun Bìáfúrà parí. Wọ́n fún un ní kakí, ó ra bàtà aláwọ tó ń dún kọ́ kọ́ kọ́, àwọn ará ilé rẹ̀ sì rò pé ọmọ àwọn ti di ọ̀gá. Ọ̀gá wo? Ọmọ ẹ̀yìn wolé-wolé ni. Odò ẹran ni wọ́n gbé e sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa wo màlúù kí wọ́n tó dú u, kó wo ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá là á, kó wá fi òǹtẹ̀ onígi bọ tàdáwà, kó lù ú mọ́ itan àti apá ẹran. Ẹran tí kò bá ní òǹtẹ̀ lára kò gbọdọ̀ dé orí àtẹ.

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni Mùstàfá. Kí n má fi bò, ojo ni. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ ní ìkóríta, ẹ̀yìnkùlé lòun á gbà délé. Bí ẹni tó jù ú lọ bá jágbe mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì í jiyàn.

Ìṣòro odò ẹran wa kò ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀nà jíjìn ni àwọn màlúù tí wọ́n ń pa níbẹ̀ ti ń bọ̀, láti ẹ̀yìn ibodè lọ́hùn-ún, nínú ọkọ̀ akẹ́rù, nínú oòrùn, láìrí omi mu. Òmíràn á kú sọ́nà. Màlúù tó bá sì ti kú kí ọ̀bẹ tó kàn án, òkúǹbete ni. Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, ìjọba náà kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́, torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa á. Ṣùgbọ́n àwọn alápatà ní ọ̀nà tiwọn. Bí ìrù ẹran bá mì nígbà tí ọ̀bẹ wọ ọrùn rẹ̀, ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀, ó di jíjẹ. Òfin yẹn kò burú, àwọn àáfà náà mọ̀ ọ́n. Alápatà kan tó ti dàgbà á jókòó sí ìdí ẹran, á máa wo ìrù, ohun tó bá sọ, abẹ gé. Ẹlẹ́rìí ìrù ni wọ́n ń pè é.

Ẹ kúkú mọ̀ bí ọmọ aráyé ti rí. Kò pẹ́ tí ìrù màlúù tó ti kú láti ìrọ̀lẹ́ àná fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì ní ìlú wa. Ẹran á ti gan, eṣinṣin á ti bo ojú rẹ̀, wọ́n á fọ̀bẹ kàn án lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ kò ní í ṣàn, ẹlẹ́rìí á sì gbójú sókè wẹ́rẹ́, á ní, “Ó mì.” Bí ìrù ènìyàn bá lè mì báyẹn, à bá má sin òkú kankan ní ìlú náà.

Kò tíì pẹ́ tí Mùstàfá dé tí ọ̀rọ̀ fi kàn án. Màlúù Jẹ́ẹ́dé ni. Jẹ́ẹ́dé ni olórí àwọn alápatà, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tí ohùn rẹ̀ ń kún gbogbo odò ẹran. Ènìyàn burúkú kọ́. Nínú oṣù ààwẹ̀, ilé rẹ̀ ni àwọn aláìní ti ń ṣínu. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ pàdánù ẹran. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹlẹ́rìí ti ní ó mì, wọ́n ti la ẹran, ó dúdú, ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú rẹ̀. Jẹ́ẹ́dé ti ní kí wọ́n di ẹ̀dọ̀ sínú ewé sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Ọmọ Ìràwọ̀,” ó ní, “lu òǹtẹ̀ ká máa lọ. Àwọn oníbàárà ń dúró. Ewé yẹn, tìẹ ni.”

Mùstàfá wo ẹran, ó wo ewé. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mò ń bọ̀,” ló lè sọ. Ó fẹsẹ̀ fẹ́ẹ lọ sí ọ́fíìsì tó wà lápá kejì ọgbà.

Oyèlẹ́yẹ ni ọ̀gá wolé-wolé nígbà náà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, láti ilé àwọn ahunṣọ. Kúkúrú ni, ọ̀rọ̀ kì í yá a lẹ́nu, fìlà aṣọ òkè kan tí bàbá rẹ̀ hun sì máa ń wà lórí ìṣó ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Mùstàfá ti múra sílẹ̀ de èébú. Ó rò pé ọ̀gá á ní iṣẹ́ rẹ nìyẹn, kí lo wá bá mi fún.

“Ṣé ó ṣẹ̀jẹ̀?” ni Oyèlẹ́yẹ bi í.

“Kò ṣẹ̀jẹ̀ sà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìrù rẹ̀ mì.”

“Ó dá ọ lójú pé ó ti kú tẹ́lẹ̀?”

“Ó dá mi lójú sà.”

Oyèlẹ́yẹ dìde. Ó mú fìlà lórí ìṣó, ó dé e bí ẹni ń lọ kírun Jímọ̀, ó sì ṣíwájú. Nígbà tí wọ́n dé odò ẹran, ó kọ́kọ́ kí Jẹ́ẹ́dé bó ti yẹ. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Baba Ràsáàkì. Ọmọ mi ní ẹran yìí ti kú kí ọ̀bẹ tó kàn án.”

“Ìrù rẹ̀ mì, ọ̀gá. Ẹ bi ẹlẹ́rìí.”

“Ó lè mì. Ọmọ mi ni mo gbà gbọ́. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí kòtò.”

Ọmọ mi. Lójú gbogbo ayé. Mùstàfá kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu ẹni tí kò bí i. Wọ́n wọ́ ẹran lọ sẹ́yìn odò ẹran, wọ́n jù ú sínú kòtò, wọ́n da karosíìnì lé e, wọ́n wá ń wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Oyèlẹ́yẹ dúró létí kòtò náà nínú oòrùn títí ilẹ̀ fi kún. Jẹ́ẹ́dé ń fi ojú kan wo Mùstàfá, ojú tí ènìyàn fi ń wo ajá tó jẹ ẹ́ lẹ́ran, Oyèlẹ́yẹ sì rí ojú náà.

Bí wọ́n ti ń padà, ó ní, “Mùstàfá, ìwọ lo rí i, ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, lónìí tàbí lọ́jọ́ mìíràn, ìwọ sọ pé ọ̀gá mi ló ní kí n rì í mọ́lẹ̀. Wọ́n mọ ilé mi.” Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún ní, “Ṣé o ti jẹun?”

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn di asà lọ́wọ́ Mùstàfá. Bí àwọn alápatà bá yí i ká, tí wọ́n ń pariwo, á wolẹ̀, á ní, “Ọ̀gá mi ló ní kí n rì í mọ́lẹ̀.” Ariwo á rọlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá le jù, fìlà aṣọ òkè á yọ láti ọ́fíìsì. Ìgbà kan wà tí àwọn alápatà bínú tí wọ́n kọ̀ láti pa ẹran, ìlú gbóná, àwọn ìjòyè ránṣẹ́ pe àwọn wolé-wolé. Oyèlẹ́yẹ nìkan ló dá lọ. Kò dárúkọ Mùstàfá níbẹ̀ rárá.

Ojo tí ẹnìkan bá dúró tì, ẹ má fojú di í. Mùstàfá bẹ̀rẹ̀ sí í gbórí sókè. Ó fẹ́ Àsíátù, ọmọbìnrin Ṣakí tó ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, tó ń dín in tà, wọ́n sì bí Àdìjátù. Kódà Ràmọ́nì yí padà. Ràmọ́nì ni ẹni tó ń gbálẹ̀ odò ẹran, tó ń pọnmi sí i, láti ọjọ́ tó sì ti débẹ̀ ló ti ń gba kíndìnrín lọ́wọ́ àwọn alápatà kó lè dákẹ́. Ní ọjọ́ kan, ó dá kíndìnrín padà. Mùstàfá bi í pé kí ló dé. “Ọkùnrin yẹn dúró nínú oòrùn nítorí rẹ,” ni Ràmọ́nì wí. “Ó lè dúró nítorí èmi náà lọ́la. Ojú wá ń tì mí.”

Ohun tó wú mi lórí jù ni ti màlúù Abíọ́nà. Abíọ́nà kì í ṣe alápatà ńlá, ẹran kan lọ́sẹ̀ lòun ń pa. Mùstàfá rí àmì funfun nínú ẹ̀dọ̀ màlúù rẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó ní kí wọ́n ri gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún rí irú àmì bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ mìíràn, ó wò ó dáadáa, ó sì rí i pé aràn ẹ̀dọ̀ lásán ni. Ẹ̀dọ̀ nìkan ló yẹ kí wọ́n sọ nù. Ó ti ba ẹran ẹlẹ́ran jẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ilẹ̀ ti bò ó. Síbẹ̀, ó lọ bá Oyèlẹ́yẹ, ó sì jẹ́wọ́.

Ẹ rò ó wò. Ojo, tó lọ fẹnu ara rẹ̀ ro ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Ó mọ̀ pé wọn kò ní í pa òun jẹ níbẹ̀, ìyẹn ló fi lè lọ. Oyèlẹ́yẹ mí kanlẹ̀, ó mú fìlà, àwọn méjèèjì jọ lọ sílé Abíọ́nà. “Àwa la ṣàṣìṣe,” ni ọ̀gá wí. Kò ní ọmọ yìí ló ṣe é. Ó bẹ Abíọ́nà títí ara rẹ̀ fi rọ̀. Nígbà tí wọ́n padà, ó mú ọ̀bẹ, ó la ẹ̀dọ̀ kan, ó fi ohun tó yẹ kí Mùstàfá máa wò hàn án, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Báyìí ni nǹkan rí títí àwọn sójà fi tún gbàjọba. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí ọdún yẹn, ẹ mọ̀ pé wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ bí ẹní ń lé ẹyẹ lóko bàbà. Orúkọ Oyèlẹ́yẹ wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Wọn ò sọ ohun tó ṣe. Kò gbé ju búta rẹ̀, ẹní ìkírun rẹ̀ àti fìlà rẹ̀ lọ. Ìṣó nìkan ló kù lára ògiri. Mùstàfá sìn ín dé ibùdókọ̀. Oyèlẹ́yẹ ní, “Máa ṣe é bí o ti ń ṣe é,” ó wọkọ̀ Ìsẹ́yìn, ó lọ.

Adétúnjí ni wọ́n gbé wá rọ́pò rẹ̀. Mi ò ní í parọ́ mọ́ ọkùnrin náà. Kò gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Jẹ́ẹ́dé fi àgbò ránṣẹ́ sí i nígbà iléyá, ó dá a padà tìrù-tìwo. Ó ń tètè débi iṣẹ́, aṣọ rẹ̀ mọ́, kì í bú ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Ó ti rí bí wọ́n ṣe lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ti fi ọkàn sí i pé ohunkóhun kò ní í mú kí wọ́n dárúkọ òun níbikíbi. Kì í dé odò ẹran. Bí Mùstàfá bá gbé ọ̀rọ̀ tọ̀ ọ́ wá, gbólóhùn kan náà ló máa ń sọ. “Ṣe bí o bá ti rí i.”

Mùstàfá kọ́kọ́ rò pé ìgbẹ́kẹ̀lé ni. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn. Ó ń bá a lọ bó ti ń ṣe é, bí àwọn alápatà bá sì pariwo, á ní ọ̀gá mi ló ní kí n rì í mọ́lẹ̀. Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu. Kò tilẹ̀ rántí mọ́ pé ẹnìkan ló fún un ní ọ̀rọ̀ náà, pé ẹni náà sì ti lọ.

Ọyẹ́ wá dé, pẹ̀lú àrùn tó ń pa màlúù kiri gbogbo ilẹ̀ wa. Àwọn Fúlàní ń sunkún. Ọkọ̀ Jẹ́ẹ́dé dé láti ibodè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òkú nìkan ló kó wá. Èyí tó kù tí ojú rẹ̀ dára díẹ̀, wọ́n sáré wọ́ ọ bọ́ sílẹ̀, wọ́n fọ̀bẹ kàn án lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ tó jáde kò tó rin ilẹ̀. Ẹlẹ́rìí gbójú sókè. “Ó mì.”

“Ẹran yìí ò ṣe é jẹ,” ni Mùstàfá wí. “Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí kòtò.”

Jẹ́ẹ́dé kò pariwo lọ́jọ́ náà. Àdánù ti mú un, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó bi í wọ́ọ́rọ́wọ́, “Ta ló ní ká gbé e lọ?”

Ọ̀rọ̀ náà sì fúnra rẹ̀ jáde lẹ́nu Mùstàfá. “Ọ̀gá mi ló ní kí n rì í mọ́lẹ̀.”

“Ó dáa,” ni Jẹ́ẹ́dé wí. “Ẹ jẹ́ ká lọ bi í.”

Gbogbo àwọn alápatà tẹ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀bẹ nídìí. Mùstàfá wà láàárín wọn bí olè tí wọ́n mú lójú oorun. Adétúnjí dìde lẹ́yìn tábìlì nígbà tó rí èrò. Jẹ́ẹ́dé kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n ri màlúù mi mọ́lẹ̀?”

Adétúnjí wo Mùstàfá, ó wo àwọn èrò. “Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ò tíì rí ẹran kankan láàárọ̀ yìí.”

Òótọ́ ni. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn, òótọ́ ni.

“Ẹran ti kú tẹ́lẹ̀ sà,” ni Mùstàfá wí. “Kò jìnnà sà. Ẹ bọ̀ wá wò ó.”

“Iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Ṣe bí o bá ti rí i. Ṣùgbọ́n ta ló ní kó o parọ́ mọ́ mi?”

Ìtàkùn kan ṣoṣo ni Mùstàfá dì mú látọjọ́ yìí wá, ó sì já lójú gbogbo wọn. Bí Adétúnjí bá jáde lẹ́yìn tábìlì yẹn, bó bá tilẹ̀ dúró létí kòtò láìsọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ì bá má rí báyìí. Kò jáde. Mùstàfá dọ̀bálẹ̀ fún un lórí irọ́ tó pa, àwọn alápatà dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò ó lórí ilẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà sí odò ẹran, Jẹ́ẹ́dé fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mú òǹtẹ̀ nílẹ̀, tó nà án sí i. Kò fi í ṣẹ̀sín. Àánú wà lójú rẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì burú jù. “Ọmọ Ìràwọ̀, gbà. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí ọ. A kúkú mọ̀ báyìí pé ìwọ nìkan ni.”

Mùstàfá gbà á, ó fi bọ tàdáwà, ó lù ú.

Mo fẹ́ sọ fún yín pé kò tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó gbìyànjú lóòótọ́. Òkúǹbete mìíràn dé, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá Ràmọ́nì wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Nígbà tó ti ìrun àílà ọ̀sán dé, ó bá kòtò ní lílà sílẹ̀, òórùn karosíìnì ń jáde, ẹran ti lọ. Ó lọ sọ fún Adétúnjí. Adétúnjí ní ṣé ó rí ẹni tó hú u. Ó ní òun ò rí i. “Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?” ni ọ̀gá bi í, kò bínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Lọ́sẹ̀ náà, Mùstàfá rí Ràmọ́nì tó ń fi kíndìnrín sínú àpò ṣòkòtò. Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n sì gbójú kúrò.

Ó wọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn. Ó bá Oyèlẹ́yẹ nídìí òfì bàbá rẹ̀, abẹ́ igi ọ̀dán, ó ń ju ọ̀kọ̀ ìhunṣọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ó ti rù. Ó dá ọ̀kọ̀ dúró, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìjá a lẹ́nu.

“Ẹ bá mi dá sí i sà,” ni Mùstàfá wí.

“Ẹnu wo ni mo ní níbẹ̀ mọ́?” Oyèlẹ́yẹ wo òwú tó wà níwájú rẹ̀. “Mo rò pé mò ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé e ni. Àṣé mò ń gbé e fún ọ ni.”

Bó bá jẹ́ èmi ni, mo mọ ohun tí ǹ bá fi dá a lóhùn. Mi ò tíì rí ẹni tó dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gbé rí, bó ti wù kí wọ́n kọ́ ọ tó. Oyèlẹ́yẹ gbọn òwú kúrò lórí itan, ó ní, “Ṣé o ti jẹun?” Mùstàfá bú sẹ́kún níbẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin, láàárín àwọn ahunṣọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò bá wọn jà mọ́. Ohun tí wọ́n bá gbé wá ló ń lu òǹtẹ̀ mọ́. Kò gba ewé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò gba kíndìnrín. Ó kàn ń lù ú ni. Ṣùgbọ́n Àsíátù ṣàkíyèsí pé ọkọ òun ń yọ ẹran sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Ó bi í ní ọjọ́ kan, “Baba Àdìjátù, kí ló dé tẹ́ ẹ ò jẹ ẹran mọ́?”

“Máa fi wàrà sí ọbẹ̀ fún wa,” ló fi dá a lóhùn. “Fún àwọn ọmọ náà.”

Obìnrin náà gbọ́n. Ó ní, “Àwọn ará àdúgbò ńkọ́?”

Mùstàfá yọ ọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ. Láti ọjọ́ náà, ẹran alápatà kò wọ ìkòkò Àsíátù mọ́, òun náà kò sì lè wo ojú àwọn obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀ pẹ̀lú ẹran nínú igbá. Àrùn inú ń mú ènìyàn ní ìlú wa nígbà mìíràn, ó máa ń mú ènìyàn níbi gbogbo. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ẹran ni. Mùstàfá nìkan ni kò lè sọ pé kì í ṣe ẹran.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé Adétúnjí lọ síbòmíràn, pẹ̀lú orúkọ rere. Jẹ́ẹ́dé ti kú, Ràsáàkì ọmọ rẹ̀ ti di olórí alápatà. Mùstàfá ló kù tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́, ni wọ́n bá fi í ṣe ọ̀gá. Ó wọ ọ́fíìsì, ó bọ́ fìlà, ó sì fi kọ́ orí ìṣó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé ọmọ iṣẹ́ kan wá fún un láti ilé ẹ̀kọ́ wolé-wolé. Ojúọlápé lorúkọ rẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́ tónítóní, bàtà rẹ̀ ń dún kọ́ kọ́ kọ́ lórí sìmẹ́ńtì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ń mí gúlegúle, òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà sì ń gbọ̀n.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, màlúù Ràsáàkì ti kú kí wọ́n tó dú u. Kò ṣẹ̀jẹ̀ rárá. Wọ́n ní ìrù rẹ̀ mì.”

Mùstàfá mọ ojú yẹn. Ojú ara rẹ̀ ni. Ó mọ ohun tó kù láti ṣe, kò sì ṣòro: kó dìde, kó mú fìlà, kó máa ṣíwájú. Ọmọ náà á tẹ̀ lé e. Ó wo fìlà. Ó rò ó pé kòtò ti dí, ta ni yóò gbẹ́ òmíràn? Ó rò ó nípa Ràsáàkì àti àwọn àbúrò rẹ̀, nípa Àdìjátù tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ṣakí, nípa ìwọ̀nba ọdún tó kù kó fẹ̀yìn tì. Ó sì rí ara rẹ̀ lórí ilẹ̀, níwájú tábìlì yìí kan náà, níbi tí ọmọ náà dúró sí.

“Ṣé ó mì lójú tìẹ?” ló bi í.

“Kò mì sà.”

“Èmi ò sí níbẹ̀,” ni Mùstàfá wí. “Ṣe bí o bá ti rí i.”

Ojúọlápé kò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dúró díẹ̀ sí i, bóyá ó rò pé ọ̀rọ̀ ṣì kù. “Ẹ ṣé sà,” ó ní, ó sì yí padà. Mùstàfá gbọ́ bàtà rẹ̀ títí dé odò ẹran. Ariwo àwọn alápatà sọ, ó ga, ó tún rọlẹ̀. Ó ń fi gbogbo ọkàn bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ náà má lù ú. Ó bẹ̀ ẹ́ gan-an, lórí ìjókòó rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó gbọ́ òǹtẹ̀.